Iná Tó Ń Pa Iyùn Bàbá

Jóṣúà àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ara wa le ní Ode Ugbo níbí. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tí o fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ó ti sú mi! Láti ìgbà tí òkun ti gba ilé Bàbá ní Ayétòrò, agbára káká ló fi ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Iwájú àpótí gíláàsì olómi tí o kó iyùn ààyè, ẹ̀dá òkun tó máa ń ṣí bí òdòdó, sí fún un ló máa ń jókòó sí. Iná rẹ sì mọ́lẹ̀ jù. Iyùn tó pupa bí epo ti ń funfun bí eegun. Mo pè ọ́, o ní, "Ẹ ṣe sùúrù, iná gidi ni." Ẹni tó ń ta iná ní Igbókòdá ní kí n ra èyí tó tún mọ́lẹ̀ jù ú lọ!

Lánàá ni Bàbá bi mí pé, "Tinúkẹ́, ṣé èyí náà máa lọ ni?"

Inú bí mi. Mo gun àga, mo fi okùn àwọ̀n fa iná náà sókè mọ́ àjà, mo pa gílóòbù funfun inú rẹ̀, mo fi aláwọ̀ búlúù nìkan sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Bàbá pariwo orúkọ mi: "Wá wò ó, ó ti ṣí!"

Jọ̀ọ́, má fi iná mìíràn ránṣẹ́. Pe Bàbá fúnra rẹ, kí o bi í léèrè iyùn rẹ̀. Yóò dá ọ lóhùn.

Kí Olúwa má jẹ́ kí omi gba èyí tó kù lọ́wọ́ wa.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Tinúkẹ́