Ìjókòó Méjì nínú Bọ́ọ̀sì Ìsìnkú

Màámi tèmi,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yìn nóòtù Báyọ́lọ́jì mi ni mò ń kọ ọ́ sí, níbi tí a kọ ètò họ́lídè wa sí. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ṣófo, ni mo bá ní kí n lò ó. Mi ò lọ sílé ìwé mọ́. Yèyé, ìyá yín, ti pariwo títí, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó ti rẹ èmi náà.

Ṣé ẹ rántí ètò yẹn? Ẹ̀yin lẹ ń sọ, èmi ń kọ. Òkun ló ṣáájú. Ẹ ní láti kékeré lẹ ti ń kọrin òkun ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò sì tíì fojú kàn án rí. Àgbádárìgì la máa lọ, ká jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ká wọ ọkọ̀ ojú omi, ká gbọ́ bí àwọn Ègùn ṣe ń sọ̀rọ̀, ká wo bí wọ́n ṣe ń fi òróró àgbọn dín ẹja. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ló jẹ yín lógún jù. Tí a bá ń bọ̀, a máa yà ní Ìkógosì, ká ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ká ti èkejì bọ omi tútù, ká wo inú igbó wọn.

Owó ò sí, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ òkú káàkiri, láti Odò-Ọwá wa yìí dé Ìlọ́fà, kò sí awakọ̀ tó ń kó ará ilé wá láti Èkó tí kò mọ̀ yín. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń dé, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìdúpẹ́ ni wọ́n ń padà, àyè sì máa ń wà, torí àwọn kan á ní àwọn ṣì ń dúró. Ẹ máa bu ẹran dáadáa fún awakọ̀, òun náà á fún wa ní ìjókòó méjì. L'Ékòó, ọ̀dọ̀ Àǹtí Fúnmi àbúrò yín la máa sùn. Létí òkun, a máa wọ sùtánà wa, ká bá àwọn aládùúrà sùn lórí ẹní. Ẹ ní ta ló máa gbowó ibùsùn lọ́wọ́ ẹni tó wọ sùtánà? Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú yín.

Ohun tó kù ni kí ẹnì kan kú.

A ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, a ò fẹ́ ikú ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wá, ta ló ní kó padà lófìfo?" Ojú Bàbá Kátíkíìsì ni èmi ń wò, iwájú ilé wa níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn tí ara wọn ń gbọ̀n. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ní l'Ékòó.

Màámi, mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, tí wọ́n ní kí kálukú gbé ẹ̀bẹ̀ tiẹ̀ wá, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run tètè pe Bàbá Kátíkíìsì kí họ́lídè tó tán. Mo ṣe àmín sí i kíkankíkan. Ẹ gbọ́ àmín mi, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, inú yín dùn pé ọmọ yín ń gbàdúrà.

Kò pé oṣù kan tí ẹ ní orí ń fọ́ yín. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà tó ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn há sínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ sì dákẹ́ sí. Ṣé Ọlọ́run ṣi ilé yà ni? Ilé wa àti tiwọn ṣáà kọjú síra.

Bọ́ọ̀sì kan ló wá fún òkú yín. Obìnrin mìíràn ló se ìrẹsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jó. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, Àǹtí Fúnmi fà mí lọ́wọ́, "Gbé àpò ẹ, jàre. Ìjókòó méjì ló ṣófo. Kí lo fẹ́ dá jókòó ṣe níbí?" Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo dì mọ́ ìkòkò yín ńlá yẹn títí ọkọ̀ fi lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ikú yín gbé wá?

Bàbá Kátíkíìsì ṣì wà láàyè. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí, "Ọmọ alásè, ṣé o jí ire? Ṣé o ti jẹun?" Wọ́n á bu iṣu sísun fún mi. Mò ń jẹ ẹ́, mi ò lè wo ojú wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Yèyé ní kí n lọ gba ìkòkò yín bọ̀ ní Ìdọ̀fin, àwọn olókùú kan ló háyà rẹ̀. Mo bá bọ́ọ̀sì wọn níbi tó ti ń kó èrò. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, "Ọmọ Ìyá Alásè! Ọjọ́ ti pẹ́ o! Èkó tí màmá ẹ sọ ńkọ́? Ẹ̀yin mélòó ni?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́. "Àwa méjì ni."

Ó gbé àpò iṣu kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ nù. "Ó yá, lọ pe màmá ẹ wá. À ń dúró dè wọ́n."

Mo gbé ìkòkò lérí, mi ò wẹ̀yìn. Mo ti jìnnà kúrò nílùú tí mo ṣì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn, ó ń pè wá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò tíì rí òkun.