Mo Fọwọ́ Sí Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Mọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń retí nílé,

Ẹ̀rù bà mí lọ́sẹ̀ yìí. Irú rẹ̀ kò bà mí mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè wá pé ẹ já bọ́ láti òkè ilé alájà mẹ́ta tí ẹ ń bá wọn kan òrùlé rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n.

Ẹ ò mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọ́fíìsì kan ní Oniru ni. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ ife, mo sì ń gbé omi fún àlejò. Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin kan wọlé, ó há akoto oníṣẹ́ ilé mọ́ abíyá. Mo dá a mọ̀. Òun ni fọ́máànù ibi iṣẹ́ yín tó dúró tì yín nínú fọ́tò tí Màmá fi kọ́ ara ògiri. Mo gbé omi kalẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ yín, mo bi í bóyá ó rántí yín. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó yára jáde, kò tiẹ̀ dúró rí ẹni tó wá rí.

Síkiọ́ríìtì tó rí i bó ṣe ń sá lọ ló kọ ìwé ẹjọ́ mi sí àwọn ọ̀gá lókè. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì: kí ni mo rí tí mo fi accost àlejò ilé iṣẹ́?

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà, Bàbá. Mo rò pé kéèyàn lọ bá ẹnì kan kó kí i ni. Ojú tì mí láti béèrè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òótọ́ ni, mo accost wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi accost wọn, kí wọ́n má bínú. Mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni mo wá jọ?

Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún Àǹtí tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ṣàlàyé pé ẹni tó bá já lu èèyàn, tó dá a dúró tìjàtìjà, bí agbèrò ṣe ń já lu awakọ̀ ní Ajah, òun ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní mo ti fọwọ́ ara mi jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sílé, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀. Màmá ti wọ sùtánà, ó ń lọ sí ìsìn. Ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní orí ń fọ́ mi. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá ńkọ́?

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pè mí sókè. Ìwé mi wà níwájú ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fọ́máànù yẹn ti padà wá, ó sì jókòó tì í. Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Ọ̀gá bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ọkùnrin yẹn ló sọ fún un pé mo kàn kúnlẹ̀ kí òun ni, pé orúkọ tí mo dá ni òun sá fún. Ó wá kọjú sí mi.

“Mo mọ bàbá ẹ. Orí itan mi ni wọ́n kú sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gòkè lọ́jọ́ yẹn, òjò kò tíì dá. Mi ò rójú wá kí yín nílé.”

Ọ̀gá fa ìwé mi ya, ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí ló wá fà mí lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀.

Fọ́máànù náà fẹ́ wá rí Màmá lọ́jọ́ Ìsinmi. Títí di òní, Màmá gbà pé agídí yín ló gbé yín gun òrùlé nínú òjò, ó sì ń bínú sí yín. Kí ni yóò ṣe tó bá gbọ́? Ta ni yóò wá bínú sí? Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti kúẹ́rì lọ, ṣùgbọ́n mo ti ní kó máa bọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, ṣé ẹ ti dárí jì í?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yìí pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára yín.