Àgbàdo Tó Wà Lókè Àdògán Mi

Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Àgọ́ Aláyè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ètò Ọ̀gbìn,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó,
Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ SỌ ẸNI TÓ NI ÀGBÀDO TÓ WÀ LÓKÈ ÀDÒGÁN MI

Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti jalè, n kò sì mọ ìgbà tí mo jà á. Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Hàbíb, àkọ́bí mi, ra irúgbìn àgbàdo tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó sì tọwọ́ bọ ìwé wọn. Nígbà tí a kórè, mo ṣa èyí tó dára jù, mo so ó rọ̀ sókè àdògán kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Irúgbìn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, a ti sè é jẹ tán, torí pé tuntun ti dé.

Jàmíátù, àbúrò Hàbíb, wá kí mi láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Àgbábù. Mo já díẹ̀ fún un pé kó lọ gbìn. Ta ni í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ padà sílé ọkọ lọ́wọ́ òfo?

Nígbà tí aṣojú ilé iṣẹ́ náà dé Àgbábù, Jàmíátù fúnra rẹ̀ ló mú un lọ wo oko. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé irúgbìn wọn dára, pé ọ̀dọ̀ mi lòun ti rí i. Ọpẹ́ yẹn ló di ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní Hàbíb ti rú àdéhùn inú ìwé tó tọwọ́ bọ̀, àwọn kò ní ta irúgbìn fún un mọ́.

Aṣojú náà wá bá mi. Ó ní kí n sè é, kí n yan án, kí n fi ṣe ògì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gbìn ín. Mo bi í pé ṣé hóró àgbàdo mọ̀ bóyá inú ìkòkò lòun ń lọ tàbí inú ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Mo ka ìwé dé ìparí sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀yin ọ̀gá, èyí kò yé mi. Ṣé ọmọ mi ra àgbàdo ni, àbí ó yá a?

Hàbíb pe àbúrò rẹ̀ ní aláròká. Jàmíátù ní ahun ni ẹ̀gbọ́n òun. Wọn kò kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fún Jàmíátù ní irúgbìn náà. Hàbíb ti ṣán oko, kò sí irúgbìn mìíràn nílé. Ó ní kí n kó ti òkè àdògán fún òun. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án títí n ó fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí n fi han aṣojú náà. Bí ó bá jẹ́ tiwọn, ẹ sọ ohun tí ọmọ mi yóò gbìn. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní dúró de lẹ́tà. Ẹ tètè kọ̀wé sí mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń wo ojú ọ̀run,
Hàlímọ̀ Gàzálì (Ìyáàfin),
Ìyá Hàbíb àti Jàmíátù.