Sípíkà Tí Wọ́n Ní Kí N Jù Nù

Ẹ̀gbọ́n Zorica, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi ní ìlú Niš yìí.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó ẹ̀rọ orin mi jọ. Mo ra gírámáfóònù àlòkù, mo fọwọ́ ara mi tún rédíò ńlá kan ṣe. Sípíkà gidi lapá mi ò ká.

Nígbà tí ọkọ màmá aládùúgbò mi tá a jọ pín ògiri pé ogójì ọjọ́ tó ti kú, màmá pín ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn nítorí ọkàn rẹ̀, bí a ti ń ṣe níbí. Sípíkà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Vienna. Wọ́n ní kí n dán an wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa wáyà yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo ní, "Màmá, ó ti kú."

"Ó tẹ̀lé ọ̀gá ẹ̀ lọ nìyẹn. Bá mi gbé e jù nù, ọmọ mi."

Lánàá, màmá gbé tàtàṣé tí wọ́n ki ìrẹsì sí nínú wá fún mi. "Orin ẹ mà dùn o! Bíi ti ọkọ mi ló ń dún. Yí i sókè díẹ̀, ara ògiri ni mo gbé àga mi sí."

Mo gba abọ́, mo sì yí i sókè.

Sípíkà yẹn náà ni mo fi ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí Ẹ̀gbọ́n Zorica bá ń ka lẹ́tà yìí, ṣé kí n yí i sókè ni, àbí kí n pa á?