Jínnì Kankan Kò Sí Nílé Wa

Ọ̀kà Àkókó,
Ọjọ́ Àláádì.

Rídwàn ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Bí mo ṣe ń bínú sí ọ tó yìí, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́hun kí Èkó má gbé ọ mì. Alihamudulilai, a wà láàyè nílé. Iṣu ẹ̀yìn àpáta ti ń ta, ewúrẹ́ dúdú sì bí ìbejì sórí ẹní ìkírun bàbá rẹ, wọ́n ní èmi ni mo fà á.

Fóònù tí o fi rán Suleiman dẹ́rẹ́bà ti dé. Ó ní kí n gbé ojú mi wá kí òun tó ṣí. Mo gbé e wá, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo tú gèlè, mo bọ́jú, mo tún padà dé, kò gbà. Suleiman wá ní ojú tìrẹ lo ti fi sínú rẹ̀, kò ní ṣí fún ẹlòmíì. Irú ẹ̀bùn wo nìyẹn? Bí mo bá sì fi ti Suleiman pè ọ́, o kì í gbé e, ìdí tí mo fi mú bíírò nìyí.

Ọ̀rọ̀ Hafsoh ọmọ rẹ ni. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni Bísọ́lá ìyàwó rẹ máa ń gbé e sí kó tó lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá. Ikọ́ la tìtorí rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Dókítà ibẹ̀, Ọdúnayọ̀, ọmọdé tí kò ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, kò bèèrè ikọ́, ojú ọmọ ló ń wò. Ó ní ìpẹ̀kun ojú rẹ̀ yọ sókè, imú rẹ̀ tẹ́, etí rẹ̀ kéré. Mo ní etí bàbá rẹ̀ tóbi bí ewé kókò, kí ló fi gbọ́ rí? Ó ní àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, mo ní yóò dára fún sílípáàsì. Ó tún ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní ilà kan ṣoṣo ló dábùú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fa ọmọ mi gbà. Mo ní Mùsùlùmí ni wá, ladánì ni bàbá àgbà rẹ̀, a kò wá ṣàyẹ̀wò kádàrá.

Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn àmì yẹn làwọn fi ń dá Dáùn mọ̀. Èmi gbọ́ Dáwúdù. Mo ní obìnrin ni, Hafsoh ló ń jẹ́. Ó ní àìlera kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ ni Dáùn, pé inú jíìnì ló ti wá, èyí tí ọmọ ń gbà lára bàbá àti ìyá. Háà! Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mo ní jínnì kankan kò sí nílé wa, kò sì sí nílé àwọn Bísọ́lá, èmi ni mo ṣèwádìí wọn kí a tó so yìgì. Ó rẹ́rìn-ín títí, inú túbọ̀ bí mi. Ó ní bí irúgbìn ni, méjì méjì ló wà lára gbogbo wa, níbì kan, ti Hafsoh di mẹ́ta. Mo ní àlékún tí a ń tọrọ lójoojúmọ́ náà ló wá di àìsàn yìí? Ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó wá fi nǹkan gbọ́ àyà Hafsoh, ojú dókítà náà sì yí padà. Ó ní àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ihò lọ́kàn nígbà mìíràn, kí a gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì láti ya àwòrán ọkàn náà, kí bàbá àti ìyá sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Rídwàn. Ìyàwó rẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ, kí lo fi dá a lóhùn? O ní ọmọ náà kò jọ ọ́! Ẹkún ló fi sọ ọ́ fún mi, mi ò rí ibi tí màá fi ojú mi sí.

Mo padà lọ bi dókítà náà bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í jọ bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó ní àmì yìí máa ń fojú jọ ara wọn, ilé yòówù tí wọ́n ti bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jọ ará ilé wọn. Bí Hafsoh bá fẹ́ sunkún, tó na ètè ìsàlẹ̀ síta, ìwọ ni láìkù síbì kan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn.

Owó ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ àti owó àwòrán kò sí lọ́wọ́ wa. Má fi sínú fóònù o, kò ní ṣí fún mi. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Ọlọ́hun yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, yóò là ọ́ létí, kò ní jẹ́ kí o fojú sunkún ọmọ. Bí mo bá wọlé báyìí, Hafsoh á rí ojú mi, á sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ mí. Fóònù mọ ojú rẹ, Rídwàn, ọmọ rẹ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ,
Limota