Èéfín Àbẹ́là Lára Ọta

Bàámi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Osdorfer Born ní Jámánì.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń kí yín lórí fóònù náà ni mo ṣe kí yín: ẹ káàsán sà, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀yin gan-an ló sì yẹ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ojú yín ò ríran mọ́ nígbà tí ẹ tàsé àwọn ìmàdò yẹn, tàbí àwa ọmọ yín la fà á.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi. Eyín ni mò ń ṣe, eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká. Ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, eyín olówó ni mo wá ń gbẹ́ nílùú òyìnbó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ní Altona, Manfred lorúkọ wọn, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dáadáa. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní du, bí ẹgbẹ́ ṣe ń pe ẹgbẹ́. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá Manfred ni mo sọ wọ́n, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n pè mí wá sí Schützenverein wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí bébà fún eré. Mo sọ fún wọn pé ọmọ ọdẹ ni mí, mo kàn fẹ́ wá wòran ni. Ìran náà ti di ọdún méjì. Mo ṣe kọ́ọ̀sì, mo ṣèdánwò, mo gba ìwé àṣẹ, mo tún gba òmíràn tó fún mi láyè láti máa fọwọ́ ara mi di ẹ̀tù àti ọta sínú kátíríìjì. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ará ibí, kí èèyàn tó sín, wọ́n á ní kó mú fọ́ọ̀mù wá.

Ní Sátidé kan, ráífù àtijọ́ Bàbá Manfred bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọta káàkiri. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ò tilẹ̀ kan bébà rárá. Èmi ọlọ́gbọ́n wá sún mọ́ wọn, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bóyá kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, wọ́n sì gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́. Mo yin márùn-ún. Tèmi tún burú ju tiwọn lọ, èmi tí mo ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì láti àjà kẹsàn-án. Ojú tì mí níwájú wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni mo fi bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ tàsé.

Bàbá Manfred jókòó tì mí, wọ́n ṣàlàyé. Ilà wà nínú ọ̀pá ìbọn, ilà tó ń yí ọta kó lè lọ tààrà. Kí ọta tó kan àwọn ilà yẹn, àyè díẹ̀ wà tó gbọ́dọ̀ fò kọjá láti inú idẹ kátíríìjì tó jókòó sí. Tí ìbọn bá ti darúgbó, iná á ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ ilà náà lọ síwájú. Àyè tí ọta ń fò á wá gùn jù, á sì wọ inú ilà ní wíwọ́. Kátíríìjì tí wọ́n ń tà nílé ìtajà, ìwọ̀n ìbọn tuntun ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí àgbà ìbọn fẹ́ ni kí wọ́n má ri ọta rẹ̀ wọlé jù sínú idẹ, kí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀ sí i. Ó yé mi kíákíá. Bí mo bá jẹ́ kí eyín kan ga ju bó ṣe yẹ lọ, ì báà má ju ìwọ̀n irun orí kan lọ, ẹni tó ni ẹnu á mọ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ bu nǹkan jẹ.

Mo wá bi wọ́n pé báwo la ṣe máa mọ ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú idẹ òfìfo kan tí kò ní ẹ̀tù nínú, wọ́n ki ọta bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì tan àbẹ́là. Wọ́n ń yí ọta náà lókè iná títí èéfín fi sọ ọ́ di dúdú bíi kóró iṣin. Wọ́n tì í sínú ìbọn jẹ́jẹ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Níbi tí ilà ti kàn án, èéfín ti họ, ara ọta sì ń dán níbẹ̀. Bàámi, mo dìde, mo bọ́ síta. Mo ti rí i rí. Inú iyàrá yín ni mo ti rí i.

Èéfín àbẹ́là yẹn ló da ilé wa rú, àbí ẹ ti gbàgbé? Màámi wá bá yín nínú iyàrá, wọ́n bá yín níbi tí ẹ ti ń fi àbẹ́là tó ṣẹ́kù láti ṣọ́ọ̀ṣì sun ọta, tí ẹ sì ń tì í bọ inú ìbọn. Wọ́n fi igbe ta pé ẹ ti fi iná ilé Olúwa po oògùn ọdẹ. Aláṣọ funfun bíi tiwọn, ìyá ìjọ, kí ọkọ wọn wá máa ṣe irú èyí nínú ilé. Wọn ò bá yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kó àbẹ́là pamọ́ sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì mú bàbá aládùúrà wá láti wọ́n omi sára àpótí ọta yín. Gbogbo ohun tí ẹ sọ kò ju pé ọ̀nà lẹ̀ ń wá fún un. Kò sẹ́ni tó bi yín pé ọ̀nà wo. Èmi náà gbà pé oògùn ni, mi ò sì fọwọ́ kan àpótí yẹn títí mo fi kúrò nílé. Ṣé òyìnbó ọ̀gá yín nínú iṣẹ́ igbó ọba, tó fi ráífù náà sílẹ̀ fún yín, ló kọ́ yín? Àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ rò ó? Irin ìwọ̀n tí mò ń lò ń ka nǹkan tí ojú lásán ò lè rí. Ẹ̀yin, èékánná àtàǹpàkò lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Nígbà tí ẹ pé àádọ́rin ọdún, èmi àti Kúnlé àbúrò mi rò pé a gbọ́n. A ní kí wọ́n ra ogún kátíríìjì fún yín nílé ìtajà n'Íbàdàn, tuntun, nínú páálí dídán, kí ọ̀rọ̀ àbẹ́là lè tán nílé, kí Màámi lè sinmi. Ẹ dúpẹ́, ẹ gbàdúrà fún wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn olóko wá bá yín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, pé ìmàdò ti fẹ́ jẹ gbágùúdá àwọn tán. Ẹ lọ, ẹ tàsé. Ẹ tún lọ, ẹ tún tàsé, níbi tí ẹ ti máa ń pa á bí ẹni já ewé. Kúnlé sọ ọ́ di ìtàn, bí Daddy ṣe yìnbọn sí ìmàdò tí òkìtì ọ̀gán sì gba ọta. Ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá bá ti péjọ ní Berlin ló ti ń sọ ọ́, ní Kreuzberg, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn á máa di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún wa kedere lórí fóònù pé, "Kì í ṣe ojú mi. Ọta yín yìí ni." A ní àgbà kì í fẹ́ gbà pé ara ti ń dara àgbà. A ò jẹ́ kí ẹ tún ìwé àṣẹ gbà mọ́, ìbọn sì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Láti ìgbà yẹn, iwájú ilé lẹ̀ ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

Ìdí nìyí tí èmi àti Bàbá Manfred fi di ogún kátíríìjì, márùn-ún márùn-ún lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀tù kan náà, idẹ kan náà, irú ọta kan náà. Bí ọta ṣe wọlé sínú idẹ tó nìkan la yí padà, díẹ̀díẹ̀, látorí ìwọ̀n inú ìwé títí dé ibi tó ku díẹ̀ kó kan ilà. A gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, mo yìn ín. Bébà kìíní, àwọn ihò náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìkejì sàn díẹ̀. Ìkẹta burú ju ìkejì lọ, Bàbá Manfred gan-an ò mọ ìdí, a sì jiyàn lórí ẹ̀ títí kọfí fi tutù. Ìkẹrin, ihò márààrún wà níbi tí ìdérí ìgò kan ṣoṣo lè bò. A di ogún mìíràn ní ìwọ̀n ìkẹrin yẹn, Bàbá Manfred fúnra wọn yìn ín, bákan náà ló rí. Ojú wọn dá ṣáká. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ìbọn tiwọn kọ́ ni ìbọn yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó rí ipasẹ̀ kò tíì rí ẹran. Mo kó bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin, mo lọ bá Kúnlé nílé rẹ̀ ní Hellersdorf. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi èdè Jámánì bi mí pé kí ni Aunty ń fi bébà oníhò ṣe. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ó fi Jámánì dúpẹ́, a gbọ́ ara wa yé. Kúnlé wo àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìbọn ò jọra, mi ò lè fi ti ibí dájọ́ tibẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò fẹ́ kí ohun tí mo ń rò jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A pe Màámi lórí fídíò. Mo bi wọ́n bóyá ó ku nǹkan kan nínú kátíríìjì tí a rà fún yín. Wọ́n ní agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín tí àwọn ò ṣí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, nítorí oògùn. Wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ, páálí dídán náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní kí wọ́n kó wọn padà sínú páálí tí a fi rà wọ́n. Wọ́n tò wọ́n síbẹ̀, wọ́n fẹ́ pa páálí dé, páálí kọ̀. Wọ́n tún un tò, kò dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹyọ kan sún mọ́ fóònù. Àmì ẹ̀mú wà lára ọta náà yíká. Ẹ ti fà á síta díẹ̀, kó lè sún mọ́ ilà ìbọn yín.

Màámi ló kọ́kọ́ lahùn, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí àbẹ́là yẹn wà fún náà nìyí?" Mo ní òun náà ni, ìwọ̀n ni ẹ fi ń mú, kò sí nǹkan mìíràn. Wọ́n fi ìborùn bojú. Kúnlé dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, omi sì ń dà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ náà, pé gbogbo ẹni tí òun ti sọ ìtàn òkìtì ọ̀gán fún lòun máa padà lọ bá. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún Màámi àti Kúnlé rèé. Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ wá gbé ìbọn, ẹ pè mí lọ́sàn-án. Mo wà ní Mittagspause, ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Ẹ bẹ̀ mí, bàbá bẹ ọmọ: "Bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i." Mi ò bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Mo ní Daddy, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ lọ sinmi. Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ bi mí bóyá òtútù ti mú gan-an, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Bàámi, ẹ foríjì mí. Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí lọ́jọ́ náà, mo sì ń jẹun lọ.

Ẹ ti parí iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ ti mọ ibi tí àṣìṣe wà, ẹ ti fi ọwọ́ yín fa mọ́kọ̀ọ̀kànlá síta, ó ku àárọ̀ ọjọ́ kan péré lóko gbágùúdá kí ẹ fi dán an wò. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà kò ju kí n bi yín pé, "Daddy, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe?"

Èmi ni, ọmọ yín tó ń béèrè lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lọ.