Nípa Ilẹ̀kùn Rẹ Tí Wọ́n Bá Mi Tún Ṣe

Sùúrùlérè,
Ọjọ́bọ̀.

Taoheed ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé Ìbàdàn ń gbè ọ́? Ṣé wọ́n ń fún yín ní oúnjẹ níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ọ́fíìsì rán yín lọ náà, tàbí wọ́n kàn ń bá yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni? Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀, á sì pa ọpọlọ tí wọ́n ń kó nǹkan sí náà mọ́ fún ọ. Inú ń bí mi gan-an, nítorí náà mo gé àdúrà kúrú. Ìyókù wà nísàlẹ̀ ìwé.

Nígbà tí mo pè ọ́ lánàá, o ní o wà nínú ìpàdé, pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mẹ́séèjì. Mẹ́séèjì náà nìyí. Lydia, aládùúgbò rẹ tó ń gbé nísàlẹ̀, ló ń bá mi mú un bọ̀, nítorí ó ń lọ wo ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́la.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Mujeebah àbúrò rẹ bí ọmọkùnrin ní Sátidé tó kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tọmọtìyá wà ní àlàáfíà. Ọ̀túnla ni ìsọmọlórúkọ. Èmi ìyá ìyá ọmọ ni mo gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ ẹ́, nítorí bí mi ò bá tètè dé, ìyá ọkọ Mujeebah ni yóò gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, obìnrin yẹn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ọmọ. Ìwọ náà ṣáà ti rí orí ọkọ Mujeebah. Ìyẹn ni pé dandan ni kí n gbéra lọ́la, ilẹ̀kùn rẹ ni kò sì fẹ́ kí n lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, mo gbé ẹ̀wà ka iná gáàsì, mo sì jáde lọ sá aṣọ méjì. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ púpọ̀, ilẹ̀kùn rẹ sì ti ara rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn kì í ti ara rẹ̀, ènìyàn ló ń tì í. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú, ẹ̀wà wà nínú, fóònù mi wà nínú, èmi nìkan ni mo wà níta.

Lydia ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn kan wà tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní pàjáwìrì, pé orí fóònù ni wọ́n wà. Ó fi mọ́tò kékeré kan hàn mí nínú fóònù náà, ó ní ẹni tó ń bọ̀ nìyẹn, ó ti dé Costain. Mọ́tò náà dúró síbẹ̀, kò mì. Mo bẹ Lydia pé kó fi ìka tì í díẹ̀, ó ní kò ṣeé tì. Mọ́tò tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni, tí a kò lè bá wọn tì, kí ni ìwúlò rẹ̀? Òórùn ẹ̀wà sì ti ń gba ojú fèrèsé jáde.

Ẹni tó dé náà ń jẹ́ Kọ́lápọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ wúwo, mo ní oníṣẹ́ nìyí. Kàkà kó kọjú sí ilẹ̀kùn, èmi ló kọjú sí. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ilé ọmọ mi ni. Mo bi í pé ẹ̀rí wo ló ju oríkì lọ. Mo bá kì ọ́, Àjàgbé, mo kì ọ́ láti orí bàbá bàbá rẹ títí dé ọjọ́ tí o ká eyín, gbogbo ará ilé jáde, obìnrin kan tó kàn ń kọjá lọ dúró sunkún. Kọ́lápọ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní òun gbádùn rẹ̀ púpọ̀, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá òun náà, ṣùgbọ́n NIN ni òun ń bèèrè. Mo ní nọ́ńbà yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, kí ni ó fẹ́ jẹ́rìí sí? Lánlọ́ọ̀dù ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ mí, pé èmi ni mo ń jí gbogbo ilé fún ìrun àárọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé.

Kọ́lápọ̀ yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi gún ihò kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó yọ òòlù. Mo bi í pé ṣé òòlù kọ́ ni olè náà ń lò. Ó ní òun ni, ìyá, ṣùgbọ́n olè kì í já rìsíìtì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀wà ti di èédú, ìkòkò rẹ pẹ̀lú ti di ara ẹ̀wà. Lọ́ọ̀kì àtijọ́ fọ́ yángá, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ ọmọ ilé wa, mo po gàrí fún un, mo din ẹyin sí i, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ṣàdúrà pé ohunkóhun tí ọwọ́ yìí bá ṣe kò ní bàjẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ọwọ́ tí o ti súre fún, báwo ni o ṣe fẹ́ tún bú u?

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde kó tó lọ, pé kí n kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó mú mi mọ̀ wọ́n, mo kọ ẹ̀wà. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo kọ Lydia, nítorí ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló dúró sí. Kọ́lápọ̀ tún ní kí n fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo ní Ọlọ́run nìkan ló ni ìràwọ̀, Lydia bá bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tó lọ tán ni mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo wá ohun tí mo máa yí láti jáde, mi ò rí i, ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo rí. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, mo bọ́ síta, mo wò ó. Ohun tí à ń fọwọ́ lásán yí, ìta ló wà! Ó ti gbé ẹ̀yìn lọ́ọ̀kì síwájú. Èmi tí mo wà nínú ilé ni mo nílò kọ́kọ́rọ́, ẹni tó wà níta kò nílò nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn, mo lọ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń kó pàǹtí yí i, ó wọlé, ó bi mí pé pàǹtí dà. Lánlọ́ọ̀dù yí i, ó ti jókòó tán kó tó sálámà. Ológbò ilé nìkan ni kò tíì wọlé, òun náà ń gbìyànjú.

Lydia bá mi pe Kọ́lápọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn kò ní àléébù, pé ó ń ṣí, ó sì ń tì, ibi tí mo dúró sí ló ń dà mí láàmú. Ó ní bí mo bá wò ó láti ìta, mo máa rí i pé iṣẹ́ náà dára gan-an. Mo ní ṣé kí n wá máa gbé ìta ni? Ó ní kí n fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta jì òun. Ìgbà tó fẹ́ bà á jẹ́, pàjáwìrì ni. Ìgbà tó fẹ́ tún un ṣe, ó ń ka ọjọ́.

Taoheed, mi ò lè fi tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà rẹ sílẹ̀ fún gbogbo Sùúrùlérè, mi ò sì lè fi orí ọmọ Mujeebah sílẹ̀ fún obìnrin yẹn. Mo ronú títí, mo wá rántí oko bàbá rẹ. Oko kò ní lọ́ọ̀kì, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í jí iṣu wa, nítorí ààlè tí à ń so síbẹ̀. Ìwọ ọmọ Èkó lè má mọ̀ pé ẹni tó bá kọjá ààlè, ẹjọ́ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Mo bá so ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn rẹ. Mo rí kùkùté ìgbálẹ̀, mo rí ṣùkù àgbàdo. Bàtà tó ti gbó ni mo wá, mo rí ọ̀kan nínú èyí funfun tó nípọn nísàlẹ̀, tí o gbé sínú páálí bí ẹyin. Ẹyọ kan péré ni mo lò, èkejì ṣì wà níbẹ̀. Fún àkísà, mo lo ṣòkòtò rẹ tó ti ya lórúnkún méjèèjì. Ó yà mí lẹ́nu pé o ṣì ń lò ó.

Ó ṣiṣẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, kò sẹ́ni tó yí ilẹ̀kùn mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ń dúró nísàlẹ̀ kí mi. Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀ wá láàárọ̀ yìí pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní ojú ti òun, òun fẹ́ tún un ṣe. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó rí ààlè, ó dúró gbagidi. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nílé. Mo ní kó dúró kí n já a fún un, ó ní rárá o, ìyá, pé ilẹ̀kùn tí ààlè bá ti kàn, òun kì í fi irinṣẹ́ kàn án. Ó sáré lọ.

Lọ́la ni mo ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lydia ló san owó oníṣẹ́ láti inú fóònù rẹ̀, dá a padà fún un. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, àti owó àgbò díẹ̀ fún àbúrò rẹ. Ogójì ọjọ́ ni mo máa fi wẹ ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni o máa padà sí Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n ẹni tó so ààlè nìkan ló ń já a, má fọwọ́ kàn án o. Nígbà tí mo ń so ó, mo ní ẹnikẹ́ni, mi ò sì rántí yọ ìwọ kúrò.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Kò ní jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí o lọ kọ́ já sí asán. Á sì bá ọ wá ibi tó dára tí o máa sùn sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìdíátù.